Ìjánu Lẹ́nu Èéfín

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé kan tó ti pẹ́ ní Boston tàbí Providence ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù Kejìlá, yóò bá ìléru níbẹ̀: àpótí irin ńlá kan tó ń jó epo tó jọ dísù, tó sì ń gbé ooru lọ sí gbogbo yàrá òkè. Láti ara rẹ̀ ni páìpù irin kan ti jáde, ó tẹ̀ kọrọ, ó wọnú ògiri, ó lọ bá ihò èéfín tí wọ́n fi bíríkì mọ láti ìsàlẹ̀ ilé títí dé òkè òrùlé. Lára páìpù yìí ni ohun kékeré kan wà tó máa ń da àlejò láàmú. Awẹ́ irin róbótó ni, kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ó rọ̀ sẹ́nu ihò kan, ó ń ṣí, ó ń pa dé, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lóde, a mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Bí ìléru bá gbaná, a fì sínú díẹ̀, a sì dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú wo inú ilé onílé.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé nǹkan náà ti bàjẹ́. Páìpù èéfín, kí ló ń fi ihò lára ṣe? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni èéfín yóò gbà ya wọlé pa ọmọ ènìyàn? Ló bá mú fóìlì láti ilé ìdáná, ó fi wé awẹ́ irin náà, ó fi téèpù dì í gbọin-gbọin, ó sì gòkè lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó ti dóòlà ẹbí rẹ̀. Ìtàn yìí kì í ṣe tuntun létí àwọn oníṣẹ́ ìléru.

Awẹ́ irin yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé. Orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pe gbogbo irú ìlẹ̀kùn inú páìpù èéfín ni dáńpà, orúkọ náà ni a ó sì máa lò. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí ẹni tó náwó nára mọ ihò èéfín gíga tún fi máa dá ihò mìíràn sí i lára, kí agbára rẹ̀ lè dín?

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbé èéfín ròkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwà èéfín ni, pé òkè ló máa ń lọ bí omi ṣe máa ń lọ ìsàlẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n ń tì í ni. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ òtútù kún un, irú ti òwúrọ̀ yìnyín tí òṣùwọ̀n ooru ti bọ́ sí 10 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Sẹ́lsíọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò wúwo tó kílógíráàmù 1.3. Bí a bá dà á nù, tí a fi afẹ́fẹ́ gbígbóná bíi ti inú páìpù ìléru, ní ìwọ̀n 200, rọ́pò rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò ní ju 0.75 lọ. Òpó afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ ló wà nínú ihò èéfín, òpó afẹ́fẹ́ wíwúwo ló dúró tì í lóde. Èyí tó wúwo á ya wọlé láti ìsàlẹ̀, á sì ti èyí tó fúyẹ́ jáde lókè. Títì yẹn, tó dà bí fífà lójú ẹni tó dúró ti iná, ni a ó máa pè ní ìfà.

Ohun méjì ló ń sọ bí ìfà yóò ṣe le tó: gíga ihò èéfín, àti bí ooru inú ṣe jìnnà sí òtútù òde tó. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gíga ihò kì í yí padà, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ń yí. Ẹ jẹ́ ká mú ihò èéfín tó ga ní mítà 6, tí èéfín inú rẹ̀ gbóná dé 200. Lọ́jọ́ tí òde wà ní ìwọ̀n 25, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ Ìbàdàn, ìfà rẹ̀ lórí ìṣirò tó èyí tó lè fa omi gòkè ní mílímítà 2.6 nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín. Lọ́jọ́ tí òde wà ní 10 nísàlẹ̀ òdo, ó di mílímítà 3.6. Ìléru olépo inú ilé kò sì fẹ́ ju bíi mílímítà 0.5 sí 1 lọ lẹ́nu ibi tí èéfín ti ń jáde lára rẹ̀. Ẹ ṣírò ó wò. Ihò tí wọ́n mọ kí èéfín má bàa dúró sínú ilé ń fà ní bíi ìlọ́po mẹ́ta sí méje ohun tí iná bèèrè, òru tí òtútù sì mú jù, tí onílé ń fẹ́ ooru rẹ̀ jù, òru yẹn gan-an ló ń fà jù.

Ìfà tó pọ̀ jù, olè ni. Á gbá iná mọ́ra kí irin ìléru tó gba ooru lára rẹ̀, á wọ́ ooru náà gba òkè òrùlé, á sì tún máa fa afẹ́fẹ́ tí a ti náwó mú gbóná jáde kúrò nínú yàrá. Owó epo a máa lọ sókè, òtútù a máa mú ọmọ.

Àwọn ìyá wa tó ń dáná lórí ààrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò ní irú ìṣòro yìí, ìdí rẹ̀ kò sì ju pé wọn kì í dáná láti lé òtútù kúrò ní gbogbo ilé. Ilé ìdáná a máa dá dúró lẹ́yìnkùlé, koríko orí rẹ̀ a máa jẹ́ kí èéfín yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, kó tó jáde tán yóò sì ti ṣiṣẹ́: àgbàdo irúgbìn tí wọ́n so kọ́ òkè ààrò, èéfín ló ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Ojú a máa ta wọ́n, wọn a máa húkọ́, ọ̀rọ̀ ìlera ibẹ̀ sì tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìfà ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ irin ní London, nípa ilé ìyọ́rin tó rí ní Ola-Igbi, lágbègbè Ọ̀yọ́. Ohun tó yà á lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn ayọ́rin náà kì í fín ẹwìrì sí iná ìléru wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ìléru, wọ́n ki àwọn ọ̀pá amọ̀ sí i nídìí, ooru inú rẹ̀ ló sì ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀pá wọ̀nyẹn wọlé fúnra rẹ̀. Òkúta kì í sì í di irin tí ooru kò bá lé ní 1,100. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ àti àdá ló nílò ẹwìrì. Ayọ́rin tó mọ bí òun yóò ṣe to ọ̀pá amọ̀ òun ti fi afẹ́fẹ́ ṣe ọmọọ̀ṣẹ́.

Ní ilẹ̀ àwọn olótùútù, ọ̀rúndún mélòó kan ni wọ́n fi bá èéfín jà. Benjamin Franklin, ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára owó 100 dọ́là, ṣe ìléru kan jáde lọ́dún 1742, ó kọ̀wé lé e lórí ní 1744, ó sì kọ̀ láti gba ìwé àṣẹ oníhun-ìní lórí rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ìléru yẹn ṣe é ní kàyéfì. Ó fẹ́ kí èéfín fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ, ló bá là á lọ́nà gba òkè, ó tún darí rẹ̀ wá sísàlẹ̀ gba ẹ̀yìn àti abẹ́ ilẹ̀ kó tó jẹ́ kó bọ́ sínú ihò èéfín. Nígbà tí ihò yẹn bá tutù, kò sí ìfà tó lè fa èéfín wálẹ̀ kó tó fà á ròkè, èéfín a sì yí padà sínú ilé. David Rittenhouse ló wá tún un ṣe lẹ́yìn náà, tó jẹ́ kí èéfín gba ọ̀nà tó ṣe tààrà.

Franklin kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tó ń gbé London, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ James Bowdoin lọ́dún 1758, ó sì ṣàlàyé àwo irin kan tó máa ń fà wọlé fà jáde lọ́rùn ibi ìdáná inú yàrá rẹ̀, tí ọwọ́ lè fi dín ihò èéfín kù nígbà tí iná bá ti ràn dáadáa. Dáńpà ni yẹn, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Lọ́dún 1785, nígbà tó ti di arúgbó ẹni ọdún 79, tó wà lórí omi òkun tó ń ti ilẹ̀ Faransé padà sílé, ọ̀rọ̀ ihò èéfín ló tún jókòó kọ. Ìdí àkọ́kọ́ tó fi síwájú pé èéfín ń kún ilé ni pé ilé náà dí pinpin, afẹ́fẹ́ kò ríbi wọlé rọ́pò èyí tó ń jáde. Ẹ fi ìyẹn pamọ́, a ó padà sí i.

Ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, Benjamin Thompson, tí wọ́n fi jẹ oyè Count Rumford, gba London kan ní 1796 nígbà tó ní kí wọ́n fún ọ̀fun ibi ìdáná pọ̀ kó má fẹ̀ ju íǹṣì 4 lọ. Ilé ńlá ńlá ni wọ́n ti pe oníbíríkì pé kó wá bá wọn fún un.

Ọwọ́ ènìyàn ló ṣì ń ṣí gbogbo rẹ̀, òun náà ló ń pa á dé. Ẹni kan wà tó ti ronú kọjá ìyẹn tipẹ́: Cornelis Drebbel, ọmọ ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì tó gbé London, tó kú ní 1633. Ó ṣe ààrò kan tó fi ń pa ẹyin, ó fi ọtí líle àti mákúrì sínú ìgò gígùn kan nínú rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀, ọtí á wú, á ti mákúrì sókè, mákúrì á gbé ọ̀pá kan, ọ̀pá á pa ojú afẹ́fẹ́ dé. Bí ó bá tutù, ojú afẹ́fẹ́ á ṣí. Iná ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ó lé ní 200 ọdún kí èyí tó dé ilé mẹ̀kúnnù.

Ìlú Minneapolis ló gbà dé. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu. Ní àwọn ọdún 1880, èédú ni wọ́n ń jó nínú ìléru abẹ́ ilé. Bí òru bá ń lọ, wọn a pa ojú afẹ́fẹ́ dé kí èédú má bàa jó tán. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ kúbùsù, kó fẹsẹ̀ tútù sọ̀kalẹ̀ lọ ṣí i, kó sì dúró kí ilé tó gbóná. Ta ni? Ìbéèrè yẹn ti da ọ̀pọ̀ ọkọ àti aya rú. Albert Butz, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ti di ará Amẹ́ríkà, ló wá ìdáhùn, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e ní 1886. Tẹmọ́sítáàtì, ohun tó ń ṣọ́ ooru yàrá, wà lára ògiri yàrá òkè. Bí yàrá bá tutù kọjá ibi tí onílé fi í sí, iná mànàmáná á sáré gba inú wáyà lọ sísàlẹ̀, mọ́tò kékeré kan á yí apá rẹ̀ ní ìdajì, ìdajì náà ló sì ń fa ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ sókè. Bí yàrá bá gbóná, ìdajì kejì, ìlẹ̀kùn á wálẹ̀. Èédú ti wà nínú ìléru tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n fún un bí oúnjẹ aláìsàn. Ilé iṣẹ́ tí Butz dá sílẹ̀ yí orúkọ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, títí tó fi darapọ̀ mọ́ ti Mark Honeywell ní 1927. Honeywell tí orúkọ rẹ̀ wà lára tẹmọ́sítáàtì lónìí, orí ìlẹ̀kùn ìléru ló ti bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, nígbà tí epo rọ́pò èédú, ọ̀rọ̀ yí. Ìléru olépo ní fáànù tirẹ̀ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́. Ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ṣe é pa dé bíi ti èédú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà èéfín rẹ̀ kò ṣe é sé. Ohun tó fẹ́ ni ìfà tí kì í yí padà, ì báà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru, yìnyín tàbí oòrùn. Báwo ni a ṣe lè dín ìfà kù láìdí ọ̀nà? Ẹni tó bá ti fi sítírọ́ò mu mínírà rí, tí sítírọ́ò náà sì ti lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mọ ìdáhùn. Bó ti wù kó fà tó, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé láti ibi tó lu, díẹ̀ ni mínírà tó máa dé ẹnu. Awẹ́ irin inú yàrá abẹ́ ilé yẹn, ibi tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu sítírọ́ò sí ni.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ojú ìsokọ́ rẹ̀ kò sí láàárín gan-an, díẹ̀ ló fi yẹ̀ sókè, ìwúwo kékeré kan sì wà lára rẹ̀ lórí ìdè tó ṣe é yí. Ìwúwo yìí ló ń mú kí awẹ́ irin náà fẹ́ pa dé. Bí ìfà inú páìpù bá le kọjá ohun tí wọ́n wọ̀n fún un, afẹ́fẹ́ yàrá á tì í wọlé, á bá èéfín lọ, ìfà lórí iná á sì rọlẹ̀. Bí ìfà bá dín, ìwúwo á fà á padà. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò lu ihò kékeré kan sára páìpù, yóò tan ìléru, yóò sì dúró bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ihò èéfín gbóná, lẹ́yìn náà ni yóò ki ọ̀pá òṣùwọ̀n ìfà bọnú rẹ̀, tí yóò sì máa yí ìwúwo náà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e wọ́, tí ìsokọ́ rẹ̀ kò dọ́gba, irọ́ ni yóò máa pa títí láé. Ẹni tó bá ń fojú díwọ̀n rẹ̀ láìní òṣùwọ̀n, ẹ san owó mọ́tò rẹ̀ kó máa lọ.

Lórí ìléru onígi, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Èéfín igi a máa fi ọ̀dà dúdú kan sílẹ̀ lára ihò. Bí ọ̀dà yẹn bá gbaná, ìlẹ̀kùn tó ń dá ṣí yóò máa bu afẹ́fẹ́ fún iná náà ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìléru onígi fi kọ̀ ọ́.

Hítà omi tó ń lo gáàsì ní irú tirẹ̀. Fìlà irin ni, ó dé orí hítà náà, àlàfo sì wà láàárín fìlà àti orí. Bí ìfà bá pọ̀, afẹ́fẹ́ yàrá á gba àlàfo náà wọlé. Bí atẹ́gùn òde bá ya lu ihò èéfín láti òkè wá, á fọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kò ní fẹ́ iná pa. Ọgbọ́n ńlá ni, àbùkù rẹ̀ sì wà lójú kan náà: ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé lè tú èéfín jáde.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Franklin ti padà wá. Ẹ fojú inú wo ilé àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ìlú olótùútù, lọ́jọ́ ìkómọjáde nínú oṣù Kìíní. Gbogbo fèrèsé ti pa. Ìkòkò ìrẹsì méjì wà lórí iná, ẹran ń dín nínú epo, fáànù ńlá òkè ìdáná ń fa èéfín ata jáde ṣùùṣù, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ náà ń tú afẹ́fẹ́ síta. Àwọn wọ̀nyí ń kó afẹ́fẹ́ jáde, ilé sì dí pinpin. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ibì kan wọlé rọ́pò. Ibi tó ṣí jù ní gbogbo ilé ni ihò èéfín hítà omi. Afẹ́fẹ́ á yí padà gbabẹ̀ wọlé, á sì gbé ohun tí gáàsì jó sílẹ̀ wá sínú yàrá. Ọ̀nà tí oníṣẹ́ fi ń mọ̀ rọrùn: á tan gbogbo fáànù ilé, á tan hítà, á gbé ohun tó ń rú èéfín díẹ̀ sẹ́nu àlàfo fìlà náà. Bí èéfín bá wọlé, ó dára. Bí ó bá fẹ́ padà sójú rẹ̀, ọ̀ràn dé.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, pé kò sí bí a ṣe lè bò ó. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ olóró inú ohun tí iná jó sílẹ̀, nìkan ló já òwe yìí ní irọ́. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú. Ó ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí fífọ́, òòyì, èébì: ènìyàn á rò pé ibà ni, á sì lọ dùbúlẹ̀ nínú ilé tó ń pa á. Lọ́dọọdún ni afẹ́fẹ́ yìí ń pa ènìyàn tó lé ní 400 ní Amẹ́ríkà, láìka ti ilé tó jóná mọ́ ọn. Nílé wa, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ló ń fi afẹ́fẹ́ kan náà pa odindi ìdílé.

Ìléru tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ihò èéfín. Fáànù ló ń ti èéfín rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tó ń fi ọ̀pá rọ́bà wò ó bóyá fáànù náà ń fà lóòótọ́. Bí kò bá fà, gáàsì kò ní ṣí. Àwọn tó dára jù ń lo ohun tó ju 90 lọ nínú ooru 100, èéfín wọn a tutù débi pé omi inú rẹ̀ á máa kán, páìpù ike sì tó láti gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ku hítà omi nìkan tó wà nídìí ihò bíríkì ńlá tí òun àti ìléru àtijọ́ jọ ń lò. Orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ Amẹ́ríkà fún un ni ọmọ òrukàn. Ooru rẹ̀ kò tó láti mú ihò náà gbóná, ìfà kò lágbára, omi á máa kán sára bíríkì, èéfín á máa ro ó wò bóyá kóun padà. Ẹni tó ra ìléru tuntun tí kò bi oníṣẹ́ léèrè nípa ọmọ òrukàn yìí, ìdajì iṣẹ́ ló sanwó fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé àtijọ́ ní ìlú olótùútù, ẹ pè é kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó sọ̀kalẹ̀ lọ wo páìpù ìléru rẹ̀. Bí fóìlì bá wà lára awẹ́ irin róbótó yẹn, kó já a kúrò. Bí awẹ́ irin náà bá ti dípẹtà, tí kò mì mọ́, kó pe oníṣẹ́ tó ní òṣùwọ̀n ìfà lọ́wọ́. Kó sì ra alámù kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, ọ̀kan fún àjà kọ̀ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan nítòsí ibi tí àwọn ọmọ ń sùn.